Kọ̀ǹpútà ń tan, ó ń kú: ṣé power pack ni àbí motherboard?

Àǹtí_Tẹ̀wé, Kubwa · Sátidé, 7:42 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó kó owó fún ẹni tí kò yẹ.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Kubwa níbí. Kọ̀ǹpútà ńlá tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ló fẹ́ dá mi lágara báyìí. Kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá kankan, àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà ló tò ó fún mi. Lánàá, wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n mú un dé lálẹ́, gílóòbù ṣọ́ọ̀bù tàn yòò bíi pé ó fẹ́ bẹ́, kó tó wálẹ̀ padà. Mo ti pa kọ̀ǹpútà nígbà náà, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì ẹ̀ ṣì wà lára ògiri.

Láàárọ̀ yìí, tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, fáànù á yí fìrì, á dúró. Tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó lè tan, kódà á gbé Windows wá. Ṣùgbọ́n kí n ṣáà ti ṣí CorelDraw, pàù, ó ti kú nìyẹn. Kò sí òórùn jíjó, kò sí èéfín. Ẹnjiníà kan ládùúgbò wa wò ó láti òkèèrè, kò tilẹ̀ ṣí i, ó ní motherboard, pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀ so mọ́, ti jó, kí n jẹ́ kí òun gbé gbogbo ẹ̀ lọ. Project àwọn ọmọ yunifásítì ló kún inú ẹ̀, ọkàn mi ò sì gbà kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ni mo lè yẹ̀ wò fúnra mi?

Bàbá_Lugbe · Sátidé, 7:58 àárọ̀

Ẹ kú wàhálà, Àǹtí. Ẹ kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ná. Ẹ ki áyọ́ọ̀nù tàbí fáànù ilé sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí ẹ mọ̀ bóyá iná ibẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà mónítọ̀, ẹ fi gbé iná wọ kọ̀ǹpútà, torí wáyà kan náà ni méjèèjì sábà máa ń lò. Ẹ tún wo súìṣì kékeré tó wà lẹ́yìn. Ní ọ́fíìsì wa ní Garki, ẹni tó ń nu eruku ló fi aṣọ gbá súìṣì yẹn pa. Wọ́n ti ń kọ lẹ́tà pé kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun kí ẹnikẹ́ni tó wo ẹ̀yìn ẹ̀.

Ẹnjiníà_Nyanya · Sátidé, 8:31 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Ohun tí Bàbá Lugbe sọ dára, ṣùgbọ́n súìṣì ẹ̀yìn kọ́ ni tiyín, nítorí fáànù ń yí.

Kọ̀ǹpútà tí kò tan rárá, tí kò ta pútú, ìyẹn lọ́tọ̀. Èyí tó yí fìrì tó dúró, power pack, ìyẹn àpótí irin tó ń gba iná ògiri wọlé fún kọ̀ǹpútà, fúnra ẹ̀ ló ń pa ara ẹ̀. Yálà ó rí i pé nǹkan kan ń fa iná jù nínú kọ̀ǹpútà, tàbí iná tí òun ń gbé jáde ò pé. Àmì kan wà tí power pack máa ń fi ránṣẹ́ sí motherboard pé iná mi ti dúró dáadáa, ẹ máa bọ̀. Wáyà aláwọ̀ eérú ló ń gbé e. Tí àmì yẹn ò bá dé, tàbí tó bá já láàárín iṣẹ́, motherboard ò ní bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá power pack ló ti rẹ̀, àbí nǹkan míì ló ń fà á lọ́rùn.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí iná tó kù sínú ẹ̀ á fi jáde tán. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ara irin kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́ yìí tí aṣọ lára wa gan-an ń ta iná. Iná kékeré tó ń ta yín lọ́wọ́ tí ẹ bá di ìlẹ̀kùn mú yẹn, ó tó láti ba RAM, pátákó ìrántí kọ̀ǹpútà, jẹ́.

Ẹ yọ DVD, ẹ yọ hard disk, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára USB, títí kan printer. Kó ku motherboard, processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) pẹ̀lú fáànù orí ẹ̀, àti RAM kan péré. Ẹ wá tan án. Tí kò bá kú mọ́, ẹ máa dá àwọn tó kù padà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ bá dá padà tó bá tún kú, òun ni ọ̀daràn.

Hard disk tí ẹ yọ yẹn, ẹ fi sínú dúrọ́ọ̀, ẹ tì í. Orí ẹ̀ ni project àwọn ọmọ wà, kò sí lórí motherboard. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà lọ tún ṣe, kó gbé ìyókù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Samaru · Sátidé, 9:05 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ọ̀nà tó yá jù ni kílíìpù ìwé. Ẹ yọ wáyà ńlá ẹlẹ́sẹ̀ 24 kúrò lára motherboard. Ẹ tẹ́ kílíìpù, ẹ ki ẹsẹ̀ ẹ̀ kan sí ibi wáyà aláwọ̀ ewé, ẹ ki èkejì sí ibi wáyà dúdú èyíkéyìí. Ìgbà tí ẹ bá ti kì í tán ni kí ẹ tó wá gbé iná wọ power pack. Tí fáànù ẹ̀ bá ń yí, power pack dára nìyẹn, motherboard ló jó bí ẹnjiníà wọn ṣe sọ. Bí wọ́n ṣe rí tèmi ní Zaria nìyẹn, motherboard ni lóòótọ́.

Ọmọ_Ọ̀fà_Kano · Sátidé, 9:40 àárọ̀

Àbúrò, bí o ṣe ṣàlàyé kílíìpù dára, o sì rántí pé kí iná má tíì wọlé kí wọ́n tó kì í. Ibi tí o parí ẹ̀ sí ni mi ò bá ẹ lọ.

Fáànù ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fa nǹkan kan. Kódà tí iná ẹ̀ bá lọ sílẹ̀ sí 9 volt, á ṣì máa yí, ojú lásán ò ní mọ̀. Processor ò lè gba irú ẹ̀. Power pack tó ń yí fáànù lórí tábìlì, tó ń kú tó bá wọnú kọ̀ǹpútà, mo ń rí i ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sabon Gari ní gbogbo ìgbà. Kílíìpù á sọ fún ẹ pé power pack ti kú pátápátá, tí fáànù ò bá yí. Kò lè sọ fún ẹ pé ara ẹ̀ le.

Mítà ni kí Àǹtí wá. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń ní in. Ẹ yí i sí ojú DC 20 volt, ẹ ki ẹnu dúdú ẹ̀ sí wáyà dúdú, ẹ fi ẹnu pupa kan àwọn yòókù:

Wáyà pọ́pù: 5 volt. Èyí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kódà nígbà tí kọ̀ǹpútà ò tíì tan, tí púlọ́ọ̀gì bá ṣáà ti wà lára ògiri. Tí ó bá jẹ́ òdo, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́, power pack ti lọ.

Wáyà yẹ́lò: 12 volt. Kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 11.4, kò gbọdọ̀ ga ju 12.6.

Wáyà pupa: 5 volt, láàárín 4.75 sí 5.25.

Wáyà ọ́rẹ́ǹjì: 3.3 volt, láàárín 3.14 sí 3.47.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí gbogbo ẹ̀ wà lára motherboard, tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ki ẹnu mítà láti ẹ̀yìn ibi tí wáyà ti wọnú ike ẹ̀, ẹ má yọ ọ́. Ẹ sọ́ra kí ẹnu mítà má kan wáyà méjì pọ̀.

Àwọn power pack míì wà tí gbogbo wáyà wọn dúdú. Fún ìyẹn, ẹ wo apá tí ìkọ́ ike tó ń há a mọ́ motherboard wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí tó jìnnà sí ike ẹlẹ́sẹ̀ 4 tó ṣeé já kúrò, ẹ ka ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀kẹrin yẹn ló dúró fún wáyà aláwọ̀ ewé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Samaru · Sátidé, 9:52 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tèmi motherboard náà ni o. Mo gbé power pack yẹn sínú kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi, ó gbé e láìsí wàhálà.

Ọmọ_Ọ̀fà_Kano · Sátidé, 9:57 àárọ̀

Ẹ ẹ̀ rí i? Kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ ẹ ló jẹ́rìí fún ẹ, kì í ṣe kílíìpù.

Sabon_Tasha · Sátidé, 10:20 àárọ̀

Ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ ti sọ ọ́ di ńlá. Ẹ ṣí power pack, ẹ wo fíùsì tó wà nítòsí ibi tí iná ń gbà wọlé. Tó bá ti dúdú, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ìrun wáyà kan ṣoṣo dè é. Tèmi ní Kaduna níbí ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹnjiníà_Nyanya · Sátidé, 10:44 àárọ̀

Ọ̀gá Sabon Tasha, ẹ má fi ìyẹn kọ́ obìnrin tó ń dá ṣọ́ọ̀bù ṣe, ẹ jọ̀ọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, fíùsì Àǹtí ò lọ. Tó bá lọ, ṣé fáànù á yí? Lẹ́yìn ìyẹn, fíùsì power pack kì í dédé lọ. Tó bá lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé nǹkan kan ti bíríìjì lẹ́yìn ẹ̀, bóyá àwọn díóòdù tó ń sọ iná di DC, bóyá transistor ńlá tó wà lára irin tó ń fa ooru kúrò lára ẹ̀. Ẹ fi wáyà dí ojú fíùsì, ohun tó kàn tó máa jó ni ilé.

Ẹ tún gbọ́ èyí, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àtiṣí nǹkan. Iná 230 volt tó bá wọlé, inú power pack ló ti ń di nǹkan bíi 325 volt DC, àwọn capacitor ńlá ibẹ̀ ló sì ń gbé e pamọ́. Ẹ lè yọ púlọ́ọ̀gì kí ó ṣì wà níbẹ̀. Ó lè gbá èèyàn ṣubú. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n àpótí irin power pack fúnra ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná inú ẹ̀ dànù.

Sabon_Tasha · Sátidé, 10:49 àárọ̀

Mo kàn sọ tèmi ni. Ó ń ṣiṣẹ́.

Bàbá_Lugbe · Sátidé, 10:51 àárọ̀

Kò tíì jó ni.

Ọmọ_Ọ̀fà_Kano · Sátidé, 11:15 àárọ̀

Mo fara mọ́ Ẹnjiníà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi máa ń ṣí wọn, òun ni mo fi ń jẹun. Tí mo bá tún èyí tí fíùsì ẹ̀ lọ ṣe tán, mi ò jẹ́ ki í sí iná tààrà. Gílóòbù àtijọ́ 100W, èyí olówú tó ń gbóná, ni mo máa ń so sójú ọ̀nà iná ẹ̀. Tí gílóòbù bá tàn fìrì tó rọlẹ̀, capacitor ló ń mu iná kún, ara ẹ̀ yá. Tó bá tàn yòò tó dúró bẹ́ẹ̀, ó ṣì bíríìjì níbì kan, gílóòbù sì ti gbà mí lọ́wọ́ ariwo. Gílóòbù LED ò lè ṣiṣẹ́ yìí o. Àwọn olówú yẹn ti ń wọ́n lọ́jà, mo kó tèmi pamọ́.

Fíùsì tí mo bá sì dá padà, iye tí wọ́n kọ sára ti àkọ́kọ́ gan-an ni.

Àǹtí_Jos · Sátidé, 12:03 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo fẹ́ bi Àǹtí ní ìbéèrè kan: tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara irin kọ̀ǹpútà yín nígbà tó wà lórí iná, ṣé ó ń ta yín wìrìwìrì? Tèmi ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní power pack ló ń jò. Mo pààrọ̀ ẹ̀, tuntun náà tún ń ta mí. Ó wá hàn pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa ò ní earth rárá, ihò kẹta kàn wà níbẹ̀ fún ẹwà.

Ẹnjiníà_Nyanya · Sátidé, 12:20 ọ̀sán

Ẹ ṣeun tí ẹ mú ìyẹn wá, Àǹtí Jos. Capacitor kéékèèké wà ní ẹnu ọ̀nà power pack tó ń sẹ́ ariwo inú iná dànù sínú earth. Tí earth ò bá sí, ara irin kọ̀ǹpútà á máa ru tó ìdajì iná ògiri, ìyẹn bíi 115 volt. Ohun tó ń ṣàn níbẹ̀ kéré, kì í sábà pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó máa ń ba USB àti printer jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń kì wọ́n. Kí ẹlẹ́ńtríkà wá wo earth. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì kó lè wọ ẹkisitẹ́ńṣọ̀n, ẹ gbọ́ o.

Òṣìṣẹ́_Wuse · Sátidé, 1:12 ọ̀sán

Ẹ dákun, mo já wọ ọ̀rọ̀ yín. Dell OptiPlex 7020 ni tèmi, ó ń ṣe bí ti Àǹtí gẹ́lẹ́. Mo wá wáyà ẹlẹ́sẹ̀ 24 tí, mi ò rí i. Ẹsẹ̀ 8 ni mo kà.

Ọmọ_Ọ̀fà_Kano · Sátidé, 1:30 ọ̀sán

Ẹ ò ṣìṣe, bó ṣe rí nìyẹn. Dell 7020 àti 9020, ẹlẹ́sẹ̀ 8 ni. HP EliteDesk 800 G1 jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ 6. Power pack tiwọn 12 volt ló ń gbé jáde, motherboard ló ń gé e sí 5 àti 3.3 fúnra ẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni há power pack gbogbogbò mọ́ ọn lásán. Ẹ ra irú ẹ̀ gan-an, tàbí wáyà ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún un.

Ẹ wo ẹ̀yìn Dell yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ní bọ́tìnnì kékeré kan àti iná aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà ti wọlé. Ẹ tú wáyà power pack kúrò lára gbogbo nǹkan nínú, ẹ ki púlọ́ọ̀gì, ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn. Tí iná ewé ò bá tàn, power pack ni. Tó bá tàn, ẹ padà sí mítà.

Àǹtí_Tẹ̀wé, Kubwa · Sátidé, 4:26 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá wa dá yín lóhùn. Mo ti ṣe é. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló gbé mítà wá, àwa méjèèjì ló jọ dúró tì í.

Fáànù ilé ṣiṣẹ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo pààrọ̀ wáyà, bákan náà. Hard disk ti wà nínú dúrọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́rùn mi. Mo yọ gbogbo nǹkan tí Ẹnjiníà ní kí n yọ, ó ṣì ń kú.

Pẹ̀lú kílíìpù, lórí tábìlì: pọ́pù 5.0, yẹ́lò 11.8, pupa 5.1, ọ́rẹ́ǹjì 3.3. Inú mi ti ń dùn. A wá dá a padà sára motherboard, a ki ẹnu mítà láti ẹ̀yìn. Nígbà tó gbà láti tan, yẹ́lò bẹ̀rẹ̀ ní 11.1. A ń wò ó báyìí, ó di 10.9, ó di 10.6, ó kú. Pupa ò kúrò ní 5.0.

Ẹ wá wo ohun míì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò power pack látẹ̀yìn. Eruku pupa ti di ara wọn bíi tìmùtìmù, ọmọńlé kan tó ti gbẹ sì na gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, ìrù ẹ̀ wà lọ́tọ̀. Lọ́ọ̀ọ́kán ibẹ̀ mo rí àwọn kinní roboto bíi mẹ́ta tí orí wọn wú, ọ̀kan ti ya, nǹkan búráùn gbẹ sí i lórí. Mi ò ṣí i o, Ẹnjiníà.

Ẹnjiníà_Nyanya · Sátidé, 4:41 ìrọ̀lẹ́

Power pack ni. Iná 12 ẹ̀ ti lọ sí 10.6, òpin ẹ̀ sì ni 11.4. Àwọn kinní roboto yẹn ni capacitor. Tí orí wọn bá ti wú, wọn ò lè di iná mú mọ́ tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ wọ́n lára. CorelDraw ló ń mú processor ṣiṣẹ́, processor sì ń jẹ láti ara wáyà yẹ́lò. Ìdí nìyẹn tó fi ń kú níbẹ̀.

Iná àná kọ́ ló wú wọn lóru ọjọ́ kan. Ooru ni. Eruku dí ojú fáànù, gbígbóná pa capacitor díẹ̀díẹ̀, iná alẹ́ àná wá tì í ṣubú.

Ọmọ_Ọ̀fà_Kano · Sátidé, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí Àǹtí má tíì ra nǹkan kan. Kí wọ́n yá power pack tó dára, kí wọ́n fi dán kọ̀ǹpútà wò ná. Apá tó ń fún processor níná lórí motherboard náà lè máa fa iná jù, kó sì fa yẹ́lò wálẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnjiníà_Nyanya · Sátidé, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Tí ibẹ̀ bá ti bíríìjì, ṣé á gbé Windows wá, ẹ̀gbọ́n? Kò ní tan rárá. Àti pé capacitor tó wú ti ṣe ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ò pa ẹnikẹ́ni lára. Àǹtí, ẹ gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́jà láìsí hard disk, kí ẹni tó ń tà á fi tiẹ̀ sí i lójú yín, kó wà lórí iná dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Nípa rírà: ẹ má wo 500W tàbí 600W tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ. Ẹ wo àtẹ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, ẹ wo iye A (amp) tó wà níbẹ̀. Ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Tí ó bá jẹ́ 14A, 168W ni iṣẹ́ gidi tó lè ṣe lórí yẹ́lò, kí wọ́n kọ 600W síta. Ẹ tún gbé e lọ́wọ́. Èyí tó fúyẹ́ bí ike omi òfìfo, ẹ dá a padà. Tí ẹ bá rí -5V lórí àtẹ ẹ̀, ìlànà àtijọ́ ni. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà ATX tipẹ́.

Ọmọ_Ọ̀fà_Kano · Sátidé, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Níbi tí èmi àti Ẹnjiníà ti máa jà nìyí. Èmi á ra tòkunbọ̀ tó wúwo, tó tinú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ńlá jáde, kí n tó ra tuntun olówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀rọ inú wọn ò tó ara wọn.

Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ kí ẹ tó kì í. Súìṣì pupa kékeré kan wà lára àwọn míì tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Tó bá wà ní 115 tí ẹ kì í sí iná wa, á dún bí ìbọn, ó parí.

Ẹnjiníà_Nyanya · Sátidé, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Tòkunbọ̀ tí capacitor ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Kò sí ẹni tó mọ iye ọjọ́ tó kù fún un. Tuntun tó ní àmì 80 Plus, tó fi hàn pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, ni tèmi, tí owó bá wà.

Alhaji_Minna · Sátidé, 8:15 alẹ́

Ẹ kú alẹ́. Owó power pack tuntun á jóná padà tí Àǹtí ò bá wo iná ṣọ́ọ̀bù náà. Gílóòbù tó tàn yòò yẹn, ẹ bi àwọn aládùúgbò yín bóyá ti ọ̀dọ̀ wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ti ẹnì kan bá tàn yòò tí ti ẹlòmíràn ṣókùnkùn lásìkò kan náà, neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) ló já tàbí ó tú lórí òpó, ìyẹn sì lè gbé ohun tó sún mọ́ 400 volt wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ pe àwọn tó ni iná kí wọ́n wá dè é. Sìtábíláísà ò lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀, irú ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi sí ẹ̀yìn fíríìjì dára, èyí tó máa ń dúró ṣẹ́ẹ́ kó tó jẹ́ kí iná kọjá, tó sì ń gé e tó bá ga jù. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí iná dé gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Ẹ sì bi wọ́n nípa inverter yín. Power pack tuntun tó dára sábà máa ń ní ohun tí wọ́n ń pè ní active PFC. Inverter àti UPS olówó pọ́ọ́kú tí iná wọn kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn iná tó ń lọ geere bíi ti ògiri, wọn kì í fẹ́ ara wọn: kọ̀ǹpútà lè kú lójijì tí iná bá yí sí inverter, kí ẹ máa rò pé power pack tuntun náà ti bàjẹ́.

Àǹtí_Tẹ̀wé, Kubwa · Mọ́ńdé, 3:18 ọ̀sán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúróti. Mo gbé e lọ sí ọjà Banex láàárọ̀. Mo ní kí wọ́n fi tiwọn dán an wò kí n tó sọ̀rọ̀ owó. Ó tan, ó wà lórí iná títí mo fi jẹ bọ́ọ̀lì tán, kò kú. Tuntun ni mo rà, Ọmọ Ọ̀fà ẹ má bínú, nítorí mi ò rí tòkunbọ̀ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n kọ 12V 30A sí i lára. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú jáde fún mi, 650W ni wọ́n kọ síta, nígbà tí mo ní kí n wo àtẹ ẹ̀, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, ó dá a padà sórí pẹpẹ fúnra ẹ̀.

Yẹ́lò ń fi 12.1 hàn, CorelDraw ṣí, project àwọn ọmọ pé. Aládùúgbò mi tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní gílóòbù tòun náà tàn yòò lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. A ti jọ kọ lẹ́tà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Samaru · Mọ́ńdé, 3:40 ọ̀sán

Àǹtí, ẹ kú oríire! Power pack àtijọ́ yẹn ńkọ́, ṣé ẹ máa jù ú nù ni? Mo fẹ́ fi kọ́ṣẹ́.

Ọmọ_Ọ̀fà_Kano · Mọ́ńdé, 3:52 ọ̀sán

Má fi ìyẹn kọ́ṣẹ́ ní yàrá, àbúrò. Tí o bá ń bọ̀ ní Kano, gbé e dání wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn capacitor tó wú yẹn la máa pààrọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tú iná inú ẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fi hàn ẹ́.

Àǹtí_Tẹ̀wé, Kubwa · Mọ́ńdé, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ó ti di tìẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá gbọn ọmọńlé jáde.